Ọdún Tí A Kò Ta Ayò

Ọpọ́n ayò kan wà lábẹ́ àga mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igi ìrókò ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ọwọ́ sì ti lò ó títí ara rẹ̀ fi ń dán bí àwo tanganran. Ojú méjìlá ló ní, mẹ́fà níbí, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48 ni gbogbo rẹ̀. Èmi àti Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní òdìkejì títì, la jọ ra ọpọ́n náà lọ́dún 2002 tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa ní Òṣogbo, tí oòrùn sì ti rọlẹ̀, òun á sọdá títì wá, èmi á ti gbé àga síta dè é. Ọdún mẹ́rìndínlógún la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó yá ni ìbò gómìnà ọdún 2018 dé. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko la ò fi ta ayò.

Ìjà ìbò kì í ṣe tuntun nílé wa. Bàbá mi jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Ọlọ́pẹ, bàbá Bàbá Ìbejì jẹ́ ti ẹgbẹ́ Alákùkọ, kò sì sí ọjọ́ tí wọn kì í fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dìbò ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo ti ń kọ́ ọmọ. Àwọn ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ní àwọn ló wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn ní irọ́ ni. Ohun tó tẹ̀lé e la mọ̀ sí wẹ́tiẹ̀. Wọ́n á da bẹntiróòlù sára ilé tàbí sára èèyàn, wọ́n á ṣáná sí i. Òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò nímú mi dòní. Kí oṣù Kìíní ọdún 1966 tó tán, ṣọ́jà ti gba ìjọba. Lọ́dún 1983, nígbà tí Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n kéde pé Ọmọ́lolú Olúnlóyò ti gba ipò lọ́wọ́ Bọ́lá Ìgè. Ilé tún jó, ẹ̀mí tún lọ. Oṣù mẹ́ta péré ni Olúnlóyò lò lórí àléfà tí àwọn ṣọ́jà tún fi dé. Nínú gbogbo rẹ̀, èmi àti Bàbá Ìbejì kò sọ̀rọ̀ líle síra wa rí. Ìdí nìyí tí ti 2018 fi dùn mí wọra.

Ikú ló bí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2017, Isiaka Adeleke, ọmọ Ẹdẹ, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Ṣèrùbàwọ́n, dágbére fáyé lójijì. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́dún 1991, òun náà sì ni sẹ́nétọ̀ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀ṣun nígbà tó kú. Ìjókòó rẹ̀ ṣófo, àjọ elétò ìdìbò sì dá ọjọ́ fún ìbò àfidípò: ọjọ́ 8 oṣù Keje. Ademola àbúrò rẹ̀ fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin lórúkọ ẹgbẹ́ Onígbálẹ̀, ìyẹn APC, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bó ṣe fẹ́, ló bá bọ́ sábẹ́ àbùradà ẹgbẹ́ PDP. Mudasiru Hussein ará Èjìgbò ni àwọn Onígbálẹ̀ fà kalẹ̀.

Ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí òun náà jẹ́ Onígbálẹ̀, ló wà lórí oyè nígbà náà. Láti ọdún 2015 ni àwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga ti ń gba ìdajì owó oṣù wọn, tí àwọn tó tẹ̀lé wọn ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹni tí kò bá gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà kò lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní owó oṣù àbọ̀. Olùkọ́ tí mo kọ́ níṣẹ́ wá yá ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè gbójú sókè. Mo ń sọ èyí bó tilẹ̀ jẹ́ pé Onígbálẹ̀ ni mí, nítorí pé ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò àfidípò náà tán, Adeleke ní 97,480, Hussein ní 66,116. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, Èjìgbò nìkan ló bọ́ mọ́ Adeleke lọ́wọ́. Ọkùnrin náà jó láti Ẹdẹ dé Àbújá. Bàbá Ìbejì, tó jẹ́ Alábùradà pọ́ńbélé, gba ayò mẹ́ta lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní ẹsẹ̀ tó ń jó kì í jẹ́ kí ọwọ́ ṣìṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Ìbò nìyẹn, kò tíì di ìjà.

Ìbò àfidípò yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún ìbò gómìnà. Ẹni tó wọlé sẹ́nétọ̀ lónìí á máa wo àga gómìnà lọ́la. Ní oṣù Keje ọdún 2018 ni àwọn Alábùradà dìbò abẹ́lé. Adeleke ní 1,569, Akin Ogunbiyi tó tẹ̀lé e ní 1,562. Ìbò méje! Mo ní ìwé ìkọ̀wé kan tí mo máa ń kọ iye ìbò sí láti ọdún 1979, mo sì fa ilà sábẹ́ méje náà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dọ̀ tiwa, Gboyega Oyetola ará Ìràgbìjí, tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì gómìnà, ló gba tíkẹ́ẹ̀tì. Moshood Adeoti, akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀, ní ipò náà kàn ẹkùn tiwọn ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó fìbínú kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ ADP. Iyiola Omisore ti Ilé-Ifẹ̀, tó ti gbé àbùradà bá Arẹ́gbẹ́ṣọlá figagbága lọ́dún 2014, gun ẹṣin SDP. Orúkọ ẹgbẹ́ 48 ni àjọ elétò ìdìbò gbé jáde. Bàbá Ìbejì wo ọpọ́n tó wà láàárín wa, ó ní, "Tíṣà, ẹgbẹ́ kan, ọmọ ayò kan."

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, la dìbò. Èmi àti Bàbá Ìbejì jọ lọ ni. A dúró lórí ìlà kan náà, a tẹ̀ka, a padà wálé láti gbọ́ rédíò. Kò sí ìjà ní ibùdó wa. Títí di òru ni mo ń kọ èsì ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé mi, tí mo ń ro ó pọ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Nígbà mìíràn àwọn ló síwájú, nígbà mìíràn àwa ni. Kò sí èyí tó lè sùn nínú wa.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Fuwape, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ nígbà náà, ka èsì jáde. Adeleke 254,698. Oyetola 254,345. Omisore 128,049. Adeoti 49,742. Ohun tó wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì kò ju 353 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olùkọ́ ẹ bá mi wò ó: kíláàsì mẹ́sàn-án, ọmọ ogójì-ogójì, ó ti lé. Nínú ìpínlẹ̀ tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 30! Àmọ́ wọn kò kéde ẹni tó wọlé. Wọ́n ti wọ́gi lé ìbò ní ibùdó méje: mẹ́ta ní Orólù, méjì ní Gúúsù Ifẹ̀, ọ̀kan ní Àríwá Ifẹ̀, ọ̀kan ní Òṣogbo níbí. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ibùdó méjèèje jẹ́ 3,498. Òfin àjọ náà nígbà yẹn ni pé bí iye tí wọ́n fi ju ara wọn lọ kò bá tó iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n wọ́gi lé, ìbò náà kò tíì parí. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wá gba ẹnu gbogbo wa, títí kan àwọn ìyá alákàrà: ìnkọ́ńkílúsífù. Ọjọ́ 27, ọjọ́ Alámìísì, ni wọ́n dá fún àtúndì.

Ọjọ́ mélòó kan tó wà láàárín ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Mẹ́ta nínú ibùdó méje náà wà ní ilẹ̀ Ifẹ̀, nítorí náà gbogbo ọ̀nà ló já sí ilé Omisore ní Ilé-Ifẹ̀. Bukola Saraki, tó jẹ́ ààrẹ ilé aṣòfin àgbà nígbà náà, lọ fún àwọn Alábùradà. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ tiwa náà lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 26, Omisore kéde pé àwọn Onígbálẹ̀ lòun yóò bá ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dúpẹ́, mo rántí ọdún 2014. Lọ́dún náà, Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní 394,684, Omisore ní 292,747, àwọn ọmọ ẹ̀yìn àwọn méjèèjì sì ti ṣépè fúnra wọn débi tí ìdílé kan ní àdúgbò wa kò fi jọ ṣe ọdún Iléyá mọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí, láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àwọn ọ̀gá ti bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìdílé yẹn kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀.

Àbúrò ìyàwó mi obìnrin ń gbé ní ọ̀kan lára àwọn ìlú tí wọ́n ti tún ìbò dì. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Aṣọ àdìrẹ ló ta kájà, ó di káàdì ìdìbò rẹ̀ mọ́ ìdí ìró, ó sì jáde ní aago méje òwúrọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí kò mọ̀ rí gbégi dínà. Wọ́n bi í pé ta ni yóò dìbò fún. Ó ní ìbò àṣírí ni. Wọ́n ní kó padà sílé lọ se ọbẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún! Ó padà. Ó pe ìyàwó mi lórí fóònù, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Kò sunkún. Ohun tó ń tún sọ ni pé, "Wọn ò tiẹ̀ kí mi, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò kí mi."

Nígbà tí wọ́n ka ìbò àtúndì náà, Oyetola rí 1,160, Adeleke rí 325. Àpapọ̀ rẹ̀ di 255,505 sí 255,023. Ìbò 482 ni Oyetola fi borí. Nínú àwọn 3,498 tó forúkọ sílẹ̀, 1,485 péré ni ẹgbẹ́ méjèèjì jọ pín. Àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó wá wo ìbò náà kọ̀wé jáde pé àwọn rí bí wọ́n ṣe ń dí àwọn olùdìbò, akọ̀ròyìn àti alámòójútó lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń dẹ́rù bà wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa ní kí làwọn òyìnbó rí. Èmi ti gbọ́ tẹnu àbúrò ìyàwó mi ní tèmi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá Ìbejì sọdá títì wá. A tẹ́ ọpọ́n. Kò sọ̀rọ̀ títí ayò kìíní fi tán. Nígbà tó kó ọmọ ayò sọ́wọ́ nínú ayò kejì, ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé wọn ò jẹ́ kí àwọn èèyàn yẹn dìbò." Ohun tó yẹ kí n sọ wà lórí ahọ́n mi. Àbúrò ìyàwó mi ni ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mi ló wọlé, ìdùnnú sì ti gba àyè ọ̀rọ̀ òtítọ́ lọ́kàn mi. Mo ní, "Ẹ gba kámú. Ìjọba ti bọ́ sí wa lọ́wọ́." Ó wò mí títí. Ó dìde pẹ̀lú ọmọ ayò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọdá títì, ó sì ti ilẹ̀kùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ka àwọn tó kù nínú ọpọ́n. Wọ́n jẹ́ 45.

Láti ọjọ́ náà, a kì í kíra. Bí mo bá wà níta, á gba ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ọmọ ọmọ mi ṣe ìkómọ, ó fi ọmọ rẹ̀ rán ẹ̀bùn sí wa, òun fúnra rẹ̀ kò wá. Ìyàwó mi bá mi sọ ọ́, mo ní òun ló kọ́kọ́ dìde. Àwọn àgbààgbà ti sọ pé bí àwọn ọmọ ìyá méjì bá wọ yàrá lọ, tí wọ́n jáde tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn ò sọ òótọ́ fúnra wọn. Àwa méjèèjì ní tiwa kò tilẹ̀ wọ yàrá.

Ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2019, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìbò dá Adeleke láre, adájọ́ méjì sí ẹyọ kan, wọ́n ní àtúndì ìbò náà kò bófin mu. Ìlú Ẹdẹ kò sùn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi òǹtẹ̀ lù ú fún Oyetola, adájọ́ márùn-ún sí méjì. Ohun tó wúwo jù nínú ìdájọ́ náà ni pé ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ kò wá síjókòó ní ọjọ́ kan tí ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló kọ ìdájọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ilé ẹjọ́. Òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n mo ka ìròyìn náà tán nínú ìwé ìròyìn, mo ń wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ obìnrin tí wọ́n dá padà lójú ọ̀nà, mi ò rí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo dúró títí wọ́n fi kírun tán, mo gbé ọpọ́n ayò lé èjìká, èmi ni mo sọdá títì lọ́jọ́ yẹn. Ẹgbẹ́ mi ló jàre nílé ẹjọ́, àwọn ọmọ àdúgbò sì rò pé mo fẹ́ lọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bàbá Ìbejì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀. Mo gbé ọpọ́n sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ fi orí jì mí. Wọ́n dá àbúrò ìyàwó mi padà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ àtúndì ìbò. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì sọ." Kò dá mi lóhùn. Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó mú ọ̀rá kékeré kan dání tí wọ́n ta ní kókó. Ó tú u. Ọmọ ayò mẹ́ta ló bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ tẹ́ ọpọ́n."

Ọdún méjì sí i ni Ọlọ́run fún wa. Ó kú lọ́dún 2021, kò sì rí ìbò tó ń dúró dè. Lọ́dún 2022, òfin ìdìbò tuntun ti dé, ẹ̀rọ BVAS ló ń yẹ ìka àti ojú wa wò ní ibùdó, tí wọ́n sì ń ya àwòrán èsì ránṣẹ́ láti ibẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, Adeleke ní 403,371, Oyetola ní 375,027. Ìyàtọ̀ 28,344, kò sí ìnkọ́ńkílúsífù. Ilé ti dàrú mọ́ àwọn Onígbálẹ̀ lórí nígbà náà, Arẹ́gbẹ́ṣọlá àti Oyetola tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò jọ rìn mọ́, Omisore tí wọ́n ń bá jà lọ́dún 2014 sì ti di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà fún gbogbo Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ ẹ̀sùn ìbò fagi lé ìyànsípò Adeleke ní oṣù Kìíní ọdún 2023, kòtẹ́milọ́rùn dá a padà fún un ní oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún. Oyetola di mínísítà lọ́dún kan náà. Lọ́dún 2025, Arẹ́gbẹ́ṣọlá ti wà ní ẹgbẹ́ ADC. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ń jẹ, wọ́n ń mu, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pààrọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ní oṣù Kejì ọdún 2025 kan náà, ìjà ta ló ni ìjọba ìbílẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun, ó sì gba ẹ̀mí èèyàn.

Káàdì ìdìbò Bàbá Ìbejì wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìbejì rẹ̀. Ọpọ́n wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ inú rẹ̀ sì pé 48. Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ọ̀ṣun, bí ìbò bá tún dé, ẹ lọ dì í. Bí ẹ bá sì rí i tí wọ́n ń dá ẹnikẹ́ni padà lójú ọ̀nà ibùdó, ẹ pariwo rẹ̀ síta lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ yín ni yóò jèrè rẹ̀.